Orúnkún Aṣọ́lé ní Peckham

Láti ìgbà tí mo ti padà dé ni ẹ ti ń ya ilé mi, ohun kan náà sì ni gbogbo yín ń bi mí: ṣé mo rí ààfin ọba wọn, ṣé mo gun afárá ńlá tó ń ṣí tó ń pa dé lórí omi. N ò rí ààfin. Afárá yẹn, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti rí i lókèèrè, oorun ló sì ń kùn mí lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀lù ni mo lọ wò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Lafẹ́nwá, tí ẹ mọ̀ pé mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù páànù mi lọ́sàn-án gangan bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa bá ń gbá, ó yẹ kí ẹ ti fura.

Kì í ṣe bọ́ọ̀lù àwọn olówó tí ẹ ń sanwó wò nílé ìwòran ni mò ń sọ. Bọ́ọ̀lù Mùínátù ni, àbíkẹ́yìn mi. Ẹ rántí rẹ̀. Òun ló máa ń dúró sáàárín òkúta méjì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, tí àwọn ọmọkùnrin á gbá a títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, tí wọn ò ní rí ẹyọ kan gbá wọlé. Ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sìdíkátù, ní Peckham, lápá gúúsù London, ó sì ń kàwé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì kan ní New Cross, tí kò jìnnà síbẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní tíìmù obìnrin, Mùínátù sì wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà òtútù ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bí òtútù bá ti ń lọ, tí ewé ń rú padà sórí igi, tíìmù náà máa ń ṣe ìdánrawò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìparí rẹ̀ sì ni kọ́ọ̀ṣì máa ń sọ ẹni tí yóò ṣọ́ ilé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ńlá tí wọ́n fi ń kádìí ọdún wọn. Aṣọ́lé méjì ló wà, àyè kan ló wà. Mùínátù àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jọ ṣàdéhùn pé bí wọn ò bá mú un lọ́tẹ̀ yìí, kó bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, kó gbájú mọ́ ìwé àti iṣẹ́. Sìdíkátù kì í ṣe ìkà. Òun ló ń gbé bùkátà ilé, ó sì fẹ́ kí ọjọ́ iwájú àbúrò rẹ̀ dára. Àmọ́ nígbà tí Mùínátù ń sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kéré, mi ò sì fẹ́ràn bó ṣe dún. Mo ní kó má tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ kankan, mò ń bọ̀.

Oòrùn ojú lásán

Nígbà tí mo jáde ní pápákọ̀ òfurufú, oòrùn ń ràn. Mo bọ́ súwẹ́tà tí mo wọ̀, mo ká a sábẹ́ apá. Kò pẹ́ tí eyín mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Sìdíkátù ní, “Mọ́mì, ẹ wọ̀ ọ́ padà, ojú lásán ni oòrùn yẹn.” Mo wọ̀ ọ́ padà, mo sì wò ó lókè, mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà. Oòrùn tiwa mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Àríwá Peckham ni ilé Sìdíkátù wà. Wọ́n ní ilé ìjọba gbọgbọrọ ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ará wa ló sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ti kọ́ àwọn tó kéré sípò wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará wa wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nísàlẹ̀ ilé tí wọ́n bí sí ibẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó kí mi ní “Ẹ káàárọ̀, mà” bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà yẹn. Mo dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. Ọmọ tó bá gbìyànjú láti kí mi, n kì í bá a wá àléébù.

Ìyà kan jẹ mí o. Mo di gàrí, ẹja gbígbẹ àti elùbọ́ sínú ẹrù mi dé ìlú òyìnbó, mo ń bẹ̀rù àwọn aṣọ́bodè ní gbogbo ọ̀nà. Ọjọ́ kejì, Sìdíkátù mú mi lọ sí títì tí wọ́n ti ń tajà, mo sì rí gbogbo rẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n kó o jọ gègèrè: ẹja àrọ̀, pọ̀nmọ́, ata rodo, ṣọkọ, iṣu. Mo ra iṣu kan. Iṣu náà ti rìn jìnnà jù mí lọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gún un, ẹ má dà á láàmú pé kó lẹ̀ bí tiwa.

Obìnrin tó ta iṣu náà fún mi ní, “Mọ́mì, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.”

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Láti òpin títì ni mo ti ń wò yín bọ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá lẹ̀ ń kí.”

Òótọ́ ló sọ. Mo kí èèyàn tó kún ọjà lọ́jọ́ náà. Àwọn kan dá mi lóhùn, àwọn kan wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí, obìnrin kan sì di báàgì rẹ̀ mú dáadáa. Sìdíkátù ní kí n dín in kù. Mo ní kì í ṣe pé mo ń tà á, ọ̀fẹ́ ni.

Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gbá a sókè

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdánrawò lójú mi, mo ti dé pápá ṣáájú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Koríko ibẹ̀ tutù, ó tẹ́jú, kò sì sí ewúrẹ́ kan ṣoṣo lórí ẹ̀. Bàbá òyìnbó kan tó ní ajá kékeré ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà. Ibi tí mo ti ń wá ibi tí mo máa dúró sí, mo tẹ bàbá náà lẹ́sẹ̀. Kí n tó la ẹnu, òun ló kọ́kọ́ ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́, òun ló ń bẹ̀bẹ̀. Irú ìwà wọn nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n ò mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe bí wọ́n bá ń bínú.

Kọ́ọ̀ṣì wọn jẹ́ obìnrin òyìnbó kan tí irun rẹ̀ kúrú. Kéètì lorúkọ rẹ̀, Kéètì náà sì ni àwọn ọmọ ń pè é, kò sí Mà, kò sí Áńtí. Ó fọn fèrè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí àwọn fìlà rọ́bà kéékèèké ká, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù sí ojú ilé. Ọmọ kan dúró síwájú gólì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ó gbá a sókè, bọ́ọ̀lù kọjá lórí igi lọ. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún un. Kéètì ní ó ṣe dáadáa, pé àtẹ́gùn ni. Ní Lafẹ́nwá, wọ́n á ti bi í bóyá ó jẹun láàárọ̀.

Mo ti gbìyànjú láti pa ẹnu mọ́, àmọ́ nígbà tí Mùínátù wọ ojú ilé, n ò mọ ìgbà tí mo pariwo. “Àbẹ̀kẹ́ mi, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí o.” Gbogbo pápá yíjú sí mi. Ajá bàbá yẹn gan-an wò mí. Bàbá náà bu tíì láti inú fláàsìkì rẹ̀, ó sì gbé e fún mi. Mo rò pé ó fẹ́ kí n fi nǹkan dí ẹnu mi ni, mo sì gbà á, ó dùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ọmọ mi, n kì í bu iyọ̀ kún ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ó fò, ó mú, ó dìde, kò bẹ̀rù ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Aṣọ́lé kejì ni ọmọ òyìnbó gíga kan tó ń jẹ́ Ẹ́mà. Òun náà dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ Mùínátù yá ju tirẹ̀ lọ, ẹni tó ní ojú á rí i. Ohun tí Ẹ́mà fi jù ú lọ ni ẹnu. Aṣọ́lé ló ń rí gbogbo pápá. Àwọn tó ń dènà níwájú rẹ̀ kò ní ojú lẹ́yìn orí, òun ló gbọ́dọ̀ pè wọ́n lórúkọ, kó sọ ibi tí ewu ti ń bọ̀ fún wọn. Ẹ́mà ń pè wọ́n, ó ń lé wọn sọ́tùn-ún, ó ń lé wọn sósì. Mùínátù á pe ọ̀kan, á pe èkejì, tó bá wá di apá ọ̀tún, ohùn rẹ̀ á wọlẹ̀, apá ọ̀tún yẹn náà ni wọ́n sì ń gbà gbá bọ́ọ̀lù wọlé.

Áńtí Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́

Mo wá wo ẹni tó wà lápá ọ̀tún dáadáa. Ọmọ wa ni, ó dúdú, ó sígbọnlẹ̀, ó sì ju àwọn tó kù lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Dúpẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó ti bí ọmọ méjì, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó lójoojúmọ́, ó sì tún padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láti kàwé. Ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ. Bọ́ọ̀lù ni ìsinmi rẹ̀, ó ní bí òun bá wà lórí pápá, kò sẹ́ni tí òun ń nùdí fún.

Mo sún mọ́ ẹ̀yìn gólì kí n lè gbọ́ ohun tí ọmọ mi ń wí. Ọmọ kan ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ lápá ọ̀tún, eré ló ń sá. Mo gbọ́ Mùínátù tó ní, “Áńtí Dúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ẹ sún sọ́tùn-ún díẹ̀.” Kó tó dé “díẹ̀”, bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n.

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ara mi sì bù máṣọ. Ta ló kọ́ ọ? Èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni mo gbá a létí nígbà tó wà ní kékeré, tó pe aya àbúrò bàbá rẹ̀ lórúkọ lójú àwọn àlejò. Ẹ̀kọ́ náà wọ̀ ọ́ lára, kò sì jáde ní London. Inú mi dùn sí i. Àyè rẹ̀ nínú tíìmù ló sì ń jẹ lọ.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Dúpẹ́ fúnra rẹ̀ pè é. “Mùínátù, pè mí ní Dúpẹ́. Mo yọ̀ǹda ẹ. Mo lè bí ẹ, àmọ́ orí pápá kọ́.” Mùínátù ní òun ti gbọ́ mà.

Ìdánrawò tó tẹ̀ lé e, mo dín àkàrà lọ fún gbogbo wọn. Ọmọ òyìnbó kan bi mí bóyá ẹran wà nínú rẹ̀. Mo ní ẹ̀wà ni. Ó ní ẹyin ńkọ́, ó ní wàrà ńkọ́. Mo ní ẹ̀wà ni mo wí, àlùbọ́sà àti ata. Ó jẹ ọ̀kan, ojú rẹ̀ pọ́n, ó mu omi, ó tún wá mú méjì. Ẹ́mà jẹ jù wọ́n lọ. N kì í fi oúnjẹ ṣe ìṣọ̀tá, ẹni tó ń bá ọmọ mi du àyè náà gbọ́dọ̀ jẹun.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ṣẹlẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láti igun. Mùínátù rí i pé ẹnì kan ti yọ́ dé ẹ̀yìn Dúpẹ́. Ó gbìyànjú, ọmọ náà gbìyànjú. Ó ké ní gbogbo ohùn rẹ̀ pé, “Dúpẹ́.” Bí orúkọ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí, orúnkún rẹ̀ tẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú gólì, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ fún mi láti kékeré bó bá ṣẹ̀ mí. Bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá wọ inú àwọ̀n.

Kéètì sáré wọ pápá. Ó di orúnkún ọmọ mi mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ń bi í bóyá ó ń dùn ún. Mùínátù ní rárá. Kéètì ní kó má bo ìrora mọ́ra, òun rí bó ṣe yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé àpótí yìnyín wá, wọ́n rọ yìnyín sínú ọ̀rá, wọ́n fi báńdéèjì dè é mọ́ orúnkún tí kò ṣe nǹkan kan. Mùínátù jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kí wọ́n tó túká, Kéètì sọ fún un pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé kó sinmi orúnkún náà, pé Ẹ́mà ni òun máa lò nígbà ìdánrawò tó kẹ́yìn. Ìdánrawò tó kẹ́yìn yẹn ni wọ́n ti máa mú ẹni tó ń ṣọ́ ilé.

Ìyàwó tuntun

Nígbà tí a délé tí a ròyìn rẹ̀, Sìdíkátù kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí ojú àbúrò rẹ̀, ó nu omi ojú náà.

“Mùínátù, London la wà. Pe orúkọ rẹ̀, kó tán. Níbi iṣẹ́ mi, ẹni tó jọ màmá màmá mi ni mò ń pè ní Jíìnì.”

“Ẹ̀yin lè ṣe é,” ni Mùínátù wí. “Èmi ò lè ṣe é. Mo gbìyànjú, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí ara mi ṣe.”

“Kí ló dé tí o ò ṣàlàyé fún kọ́ọ̀ṣì?”

“Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé mo kúnlẹ̀ kí èèyàn níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń bọ̀?”

Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo bi Mùínátù pé nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé bàbá rẹ̀, mélòó nínú àwọn tó wà nínú ilé náà ni mo pè lórúkọ. Ó ní kò sí. Mo ní kò sí lóòótọ́, títí dórí ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pọ̀n, nítorí ó ti wà nínú ilé kí n tó dé. Ṣé mo wá yadi ni? Gbogbo wọn ni mo fún lórúkọ tèmi. Èyí tó ń kàwé, mo pè é ní Akọ̀wé. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, mo pè é ní Òpẹ̀lẹ́ńgẹ́. Bí mo bá sì ké Akọ̀wé láti ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbọ́ ní ìta gbangba, kò sì sí ẹni tó ní mo rí ẹnikẹ́ni fín. Bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo mú Mùínátù lọ sílé Dúpẹ́. Àgbà la fẹ́ fún lórúkọ, ó yẹ ká tọrọ àyè. Ó ṣì wọ aṣọ funfun rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ń sáré káàkiri yàrá pẹ̀lú tiwọn. Ó gbé ìrẹsì àti dòdò fún wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. “Alhaja, mo ti ní kó máa pè mí lórúkọ.”

“O sọ fún un. Ara rẹ̀ ni kò gbọ́,” ni mo fi dá a lóhùn. “Ta ló kọ́kọ́ dé inú tíìmù yẹn nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

“Èmi ni.”

“Nígbà náà, ìyàwó tuntun ni Mùínátù nílé yín. Jẹ́ kó fún ẹ lórúkọ bí ìyàwó.”

Ó pariwo ẹ̀rín. Ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ló bá di ọ̀rọ̀ orúkọ wo. Mo dábàá Ìbàdí-àrán, Dúpẹ́ ní rárá, Kéètì á ní kí òun túmọ̀ rẹ̀. Mo dábàá Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́. Mùínátù ní kí òun tó pè é tán, bọ́ọ̀lù á ti wọlé. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, mo bá wo Dúpẹ́ fúnra rẹ̀, bí ara rẹ̀ ṣe dúdú tó sì ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun yẹn. Mo ní, “Adúmáadán.”

Mùínátù gé e kúrú, ó sọ ọ́ wò jẹ́jẹ́. “Adú.”

Dúpẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní níbi iṣẹ́, wọn ò lè pe orúkọ òun, Díì ni wọ́n ń pe òun, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wo òun dáadáa kó tó pe òun ní nǹkan kan. Ó ní kí Mùínátù tún un pè. Mùínátù tún un pè sókè, àwọn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá wọn ní Adú káàkiri ilé.

Ọ̀rọ̀ èmi àti Kéètì

Orúkọ ti wà, àyè ni kò sí. Nígbà ìdánrawò tó kẹ́yìn, mo lọ bá Kéètì kó tó fọn fèrè, Dúpẹ́ sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa. N ò bẹ̀ ẹ́. Mo kí i dáadáa, mo bi í nípa ará ilé rẹ̀, ó yà á lẹ́nu. Mo wá ní, “Orúnkún ọmọ mi kò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó jù ú lọ ló pè lórúkọ, ló bá kúnlẹ̀. Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn, a ò sì ní tọ́ ọ lọ́nà mìíràn mọ́, ó ti dàgbà.”

Kéètì wo Dúpẹ́ bóyá mo ń ṣeré. Dúpẹ́ ní òótọ́ ni. Kéètì bi mí, “Ṣé fún gbogbo ẹni tó bá jù ú lọ ni?”

“Fún gbogbo wọn ni.”

“Fún èmi náà?”

Mo ní, “Bí o bá fún un ní omi, báwo ló ṣe ń gbà á?”

Mo rí i tó ń rántí. Ó yí ojú sí pápá, níbi tí Mùínátù ti ń na ẹsẹ̀. Ó ní gbogbo ìgbà òtútù ni òun ti ń rí i pé bí òun bá gbé nǹkan lé ọmọ náà lọ́wọ́, bí aṣọ ni, bí omi ni, orúnkún rẹ̀ máa ń tẹ̀. Ó ní òun rò pé orúnkún náà kò lágbára. Ó ní ìdí kan nìyẹn tí òun fi ń jẹ́ kó jókòó.

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Gbogbo òtútù yẹn tí ọmọ mi fi jókòó, ìkíni ló fà á. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ líle, ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà ti pọ́n, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi, tọkàntọkàn ni lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe irú ti bàbá alájá. Mo ní kó má bẹ̀ mí mọ́, kó jẹ́ kí ọmọ náà dúró sójú ilé.

Ó pín ìdánrawò sí méjì. Ẹ́mà kọ́kọ́ ṣọ́ ilé, ó sì ṣe dáadáa, ẹyọ kan péré ni wọ́n rí gbá wọlé. Mùínátù wá wọlé. Mo ká ọwọ́ mi jọ sínú híjáàbù mi kí n má bàa fi wọ́n bo ojú.

Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wá sápá ọ̀tún kíákíá, wọ́n ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń jò. Mo gbọ́ ohùn kan tí n ò tíì gbọ́ rí ní ìlú yẹn, ohùn ọmọ tó máa ń dúró sáàárín òkúta méjì. “Adú, ọ̀tún.” Dúpẹ́ ti débẹ̀ kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù tó dé. Wọ́n tún wá. “Adú, ẹ̀yìn.” Dúpẹ́ yí padà, ó sì gbá a jáde. Orúnkún ọmọ mi dúró gbọn-in. Kò pẹ́ tó fi ń pe gbogbo ìlà ẹ̀yìn lórúkọ, ọmọ òyìnbó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lápá òsì di Òpẹ̀lẹ́ńgẹ́, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni pé òun ni wọ́n fi sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Wọ́n gbá, wọ́n gbá, kò wọlé.

Kéètì kó wọn jọ sáàárín pápá. Mo rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, n ò gbọ́ nǹkan kan, àdúrà tí mo mọ̀ sì ti tán lẹ́nu mi. Ẹ́mà ló kọ́kọ́ yí padà di Mùínátù mọ́ra. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn. Mo sunkún níwájú bàbá alájá, ó sì bu tíì fún mi. Nígbà tí wọ́n ń jáde, Ẹ́mà bi Mùínátù pé òun ńkọ́, kí lorúkọ tòun. Mùínátù wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, ó ní Agùntáṣọọ́lò. Ẹ́mà ń tún un pè títí wọ́n fi dé ibi bọ́ọ̀sì, kò sì pè é dáadáa lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀

N ò ní fi gbogbo bọ́ọ̀lù náà sú yín. Sìdíkátù pààrọ̀ àkókò iṣẹ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀, òun tó fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́, òun ló wá pariwo jù lọ. Bàbá alájá náà kò gbẹ̀yìn. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ti yà sọ́tùn-ún, ó ń ké “Adú” pẹ̀lú àwọn tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, kò sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Èmi nìkan ló dákẹ́. N ò lóhùn mọ́ nígbà yẹn. Ẹyọ kan la fi nà wọ́n, Mùínátù kò sì jẹ́ kí ẹyọ kan wọlé.

Bí wọ́n ti fọn fèrè tó kẹ́yìn, Mùínátù sáré jáde lójú ilé, ó kọjá lára gbogbo àwọn tó ń fò, ó lọ bá Dúpẹ́. Ó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. “Ẹ ṣé, Áńtí Dúpẹ́.” Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń fà á dìde.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilà, ọkùnrin tó ń bá Kéètì ṣiṣẹ́ rí i tó wà nílẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí àpótí yìnyín. Kéètì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó gbé e sílẹ̀, orúnkún náà kò ṣe nǹkan kan.